Ilé àgbà ní Iléṣà: kí la lè rí kọ́ lára àwọn arúgbó ilẹ̀ Ṣáínà tó wà ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó fọ́ ògiri?

Ọmọ Ìsọkún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa.

Ẹgbẹ́ kan ní Iléṣà fẹ́ sọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan di ibùgbé fún àwọn àgbà tí ọmọ wọn ti fọ́n ká sí Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ilé náà kò jìnnà sí ọjà Àtákúmọ̀sà. Yàrá mẹ́fà wà nísàlẹ̀, mẹ́fà wà lókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló la àárín wọn kọjá. Ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ògiri amọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Àgbà 8 ni wọ́n ń gbèrò láti kọ́kọ́ gbà.

Owó tó wà nílẹ̀ kò lè ṣe ju nǹkan kan lọ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí yàrá kọ̀ọ̀kan di self-contain, kí olúkúlùkù ní ilé ìwẹ̀ àti ibi ìdáná tirẹ̀. Àwọn yòókù ní kí wọ́n fi yàrá sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n náwó sórí ibi tí gbogbo èèyàn yóò jọ máa lò, torí pé ìdánìkanwà ló ń pa àgbà ju àìsàn lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣèwádìí nípa arúgbó ti tẹjú mọ́ àwọn ará Ṣáínà tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà gan-an, pàápàá lórí bí irú ilé tí wọ́n ń gbé ṣe ń sọ iye ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní. Mo mú wọn wá síbí torí pé àwọn náà ka ìtọ́jú òbí sí ohun ńlá bíi tiwa, ọmọ tó bá sì gbé òbí rẹ̀ lọ sílé àgbà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹbí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́: irú ilé wo ló ń fún wọn lọ́rẹ̀ẹ́, èwo ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ló sì ń fà á? Ẹ̀yin kọ́lékọ́lé, kí ni ilé ti Iléṣà yìí lè gbà, kí ni kò lè gbà? Ọjọ́ Sátidé ni ìgbìmọ̀ fẹ́ pinnu.

---

Àkàwé Mọ̀ọ̀rè

Ọmọ Ìsọkún, ó dáa tí ẹ béèrè kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù. Tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ "àgbà Ṣáínà ní Amẹ́ríkà" bí ẹni pé abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn wà, ó ti ṣìnà. Ilé mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti yàrá ẹyọ kan ní Chinatown, ìyẹn àdúgbò àwọn ará Ṣáínà láàárín ìlú. Ní San Francisco, irú yàrá bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 8 ní ìbú àti 10 ní òró lọ. Ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo àwọn tó wà ní àjà kan jọ ń lò ó, bíi ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ tiwa gẹ́lẹ́. Òfin ló bí ilé yẹn. Ọdún 1882 ni Amẹ́ríkà fòfin dènà àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà, ọdún 1943 ni wọ́n tó fagi lé e. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ṣòro gidigidi fún ọkùnrin tó ti wà níbẹ̀ láti mú ìyàwó rẹ̀ wá. Àwọn ọkùnrin tí kò ní ìdílé nítòsí ló kún inú yàrá wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ wọn sì darúgbó síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, àti ẹgbẹ́ àwọn tó wá láti agbègbè kan náà, ló dúró bí ẹbí fún wọn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó mọ bí ẹgbẹ́ ìlú ṣe ń rí ní ìdálẹ̀ kò nílò àlàyé lórí èyí.

Yàrá náà kò dáa fún ara arúgbó: àtẹ̀gùn ga, afẹ́fẹ́ kò tó, èèyàn ń tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbà kì í fẹ́ kúrò. Ìdí ni pé ẹsẹ̀ wọn lè gbé wọn dé gbogbo ibi tí wọ́n nílò: oníṣòwò ẹ̀fọ́, dókítà tó gbọ́ èdè Cantonese tí wọ́n ń sọ, ilé ẹgbẹ́, àti gbàgede Portsmouth Square, tí àwọn èèyàn ń pè ní pálọ̀ Chinatown torí pé ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń ta káàdì, tí wọ́n ń ta ayò ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń na ara láàárọ̀. Yàrá kékeré ń lé wọn jáde, ìta sì ń gbà wọ́n. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn sọ́kàn pọ̀. Tí ìta kò bá gbà wọ́n, bóyá torí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè bàjẹ́, tàbí ẹ̀rù jàǹdùkú ń bà wọ́n lójú títì, yàrá kan náà yẹn a di ẹ̀wọ̀n. Èmi kò gbà pé kí yàrá fún ló ń múni lọ́rẹ̀ẹ́.

Ilé ọmọ tún wà. Lẹ́yìn òfin ọdún 1965, ọmọ tó ti di ará Amẹ́ríkà lè mú òbí rẹ̀ wọlé láìsí òté lórí iye èèyàn. Òbí dé, wọ́n sì fún un ní yàrá tó dáa nínú ilé ńlá lẹ́yìn ìlú. Ṣùgbọ́n kò lè wakọ̀, ọ̀nà ọjà jìn, kò lè ka àkọlé ojú títì. Ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ-ọmọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Òfin ọdún 1996 tún dín àǹfààní owó ìrànwọ́ ìjọba kù fún àwọn tí kì í ṣe ará ìlú, ọmọ tó sì mú òbí wá ní láti buwọ́ lu ìwé pé òun ni yóò máa gbọ́ bùkátà rẹ̀. Nítorí náà òbí kò ní owó tirẹ̀ tó lè fi gba yàrá síbòmíràn, kódà bí ó bá wù ú. Ẹ wò ó dáadáa: àárín ẹbí ló wà, ó sì dá nìkan wà látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ a máa yàtọ̀ níbi bíi Monterey Park lẹ́bàá Los Angeles, tí ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà pọ̀ sí. Irú ilé ọmọ kan náà ni, àdúgbò ló yàtọ̀.

Ìkẹta ni ilé àgbà tí ìjọba ń kún lọ́wọ́. Òfin ilé ti ọdún 1959 ló dá ètò tí wọ́n ń pè ní Section 202 sílẹ̀. Ẹni tó ti pé ọdún 62 tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ló wà fún, owó ilé sì jẹ́ ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un lẹ́yìn àwọn ìyọkúrò kan. Olúkúlùkù ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, ibi ìdáná kékeré tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń kúrò nílé ọmọ lọ síbẹ̀ bí ó bá ti kàn wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró fún ọdún púpọ̀. Ọmọ kò lé wọn. Àwọn ará Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ kan fún un: kí ilé òbí jìnnà sí ti ọmọ níwọ̀n bí èèyàn ṣe lè gbé àwo ọbẹ̀ láti ọ̀hún dé ìhín kó má tíì tutù.

Èyí ló kan ìjà ìgbìmọ̀ yín. Self-contain kò pa ìbárẹ́ nínú ilé irú èyí tí gbogbo wọn bá ní ibì kan tí kò ṣeé yẹra fún: àpótí lẹ́tà, ibi ìfọṣọ, ẹnu ẹ̀rọ agbéniròkè, gbọ̀ngàn oúnjẹ. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ láìjẹ́ pé ó ṣètò rẹ̀. Ilé tí kò bá nírú ibẹ̀, kálukú a ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó bi ìgbìmọ̀ pé ta ló ni ilé ìwẹ̀, ẹ bi wọ́n pé níbo ni àgbà 8 wọ̀nyí yóò ti máa pàdé láìpera wọn.

---

Kọ́lékọ́lé Lágere

Ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìbárẹ́ ṣì wà lẹ́yìn, ògiri amọ̀ yẹn ti dáhùn apá kan ìbéèrè yín: ẹ má ṣe gbé ilé ìwẹ̀ sínú yàrá kankan. Omi ni ọ̀tá ògiri amọ̀. Páìpù á jò níbi tí ojú kò tó, omi á fà wọ inú amọ̀ lábẹ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ, sìmẹ́ǹtì náà kò ní jẹ́ kó gbẹ síta, ẹsẹ̀ ògiri á rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fi máa rí i pé táìsì ń wú, ògiri tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti fẹ́ yẹ̀. Ilé ìwẹ̀ 12 nínú irú ilé yẹn, ẹ ti pa á.

Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ kí àgbà 8 máa pín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Àgbà tó ń jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru, tó mọ̀ pé ẹlòmíràn lè wà níbẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í dín omi mímu kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ohun tí ìyẹn ń fà.

Ohun tó ṣeé ṣe nìyí. Ẹ kọ́ ilé ìwẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ilé, búlọ́ọ̀kù ni kẹ́ ẹ lò, kó ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kó má ṣe so mọ́ ògiri àtijọ́, torí pé ilé tuntun á rì díẹ̀ kó tó jókòó, bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ yóò ya. Ẹ fi ọ̀nà tí wọ́n bo orí rẹ̀ so ó mọ́ ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ilé, kí iná sólà wà lórí rẹ̀ lóru. Yàrá méjì á ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìwẹ̀ kan. Ènìyàn méjì tó ń pín kọ́kọ́rọ́ mọ ẹni tó dọ̀tí rẹ̀, èèyàn mẹ́jọ kò lè mọ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fún ilé ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan: mítà 1.5 ní ìbú, mítà 2.1 ní òró nínú. Ilẹ̀kùn kó ṣí síta, torí pé bí àgbà bá ṣubú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ẹ ò ní lè wọlé gbé e. Kí àlàfo ẹnu ọ̀nà má dín sí sẹ̀ǹtímítà 81 lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí tán, ìyẹn ni pé férémù sẹ̀ǹtímítà 90 lẹ máa rà. Ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 43 sí 48; èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń kúrú, ẹ gbé e lé pèpéle kọnkéré. Irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 84 sí 91 sókè láti ilẹ̀, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà bíi 4 wà láàárín òun àti ògiri kí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. Ibí yìí ni bíríkìlà ti ń ṣàṣìṣe jù: búlọ́ọ̀kù oníhò kò lè di ìṣó mú. Àgbà á fi gbogbo ara tẹ irin náà lọ́jọ́ kan, irin á sì bá a wálẹ̀. Ẹ rọ kọnkéré kún ihò búlọ́ọ̀kù níbi tí irin yóò wà kí ògiri tó gòkè, tàbí kẹ́ ẹ fi bóòtù la ògiri kọjá kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ tì í lẹ́yìn.

Ní ti yàrá: àgbà kankan kò gbọ́dọ̀ gbé lókè. Ẹni tó ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn á dín ìjáde kù, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́ àfi lọ́jọ́ ìsìn. Yàrá mẹ́fà ìsàlẹ̀ lẹ ní fún wọn, ẹ ó sì pàdánù ọ̀kan nínú rẹ̀, torí pé yàrá iwájú kan ní láti di pálọ̀ tó kọjú sí títì. Ó ku márùn-ún. Tí tọkọtaya kan bá wà nínú wọn, àgbà mẹ́fà nìyẹn, kì í ṣe mẹ́jọ. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ gbọ́ èyí ní Sátidé. Òkè ni olùtọ́jú yóò máa gbé, kẹ́ ẹ sì fi yàrá yòókù háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iléṣà. Owó ilé wọn á máa tún ilé ṣe, ẹsẹ̀ wọn á sì máa gba iwájú pálọ̀ kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ wo ohun tí Àkàwé sọ nípa ẹnu ẹ̀rọ agbéniròkè. Ẹnu àtẹ̀gùn ni tiyín.

Fàráńdà iwájú: bẹ́ǹṣì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45, kó ní ibi ìgbápá lé, torí pé apá ni àgbà fi ń dìde. Ẹ má tò wọ́n gbọọrọ sí ara ògiri bíi ti ilé ìwòsàn. Ẹ to méjì kí igun wọn pàdé, kí ẹni tí etí rẹ̀ ti wúwo lè máa wo ẹnu ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kó wà lẹ́yìnkùlé pátápátá. Bí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ mẹ́ta tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 lápapọ̀, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tẹ́ ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 5.4, ìyẹn ìlọ́po 12 gíga rẹ̀. Èyí tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ta àgbà nù bí òjò bá rọ̀.

---

Bàbá Ẹgbẹ́

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Nílẹ̀ Yorùbá, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Kí ló dé tí a ń wá ilé fún òkété? Kí ọmọ mú òbí rẹ̀ sọ́dọ̀, ọ̀rọ̀ tán.

---

Àkàwé Mọ̀ọ̀rè

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe èyí tí a ń gbé sọnù. Àwọn ará Ṣáínà náà ní *xiào*, ojúṣe ọmọ sí òbí, kò sì fẹ́ẹ́ sí ohun tó wúwo jù ú lọ lára wọn. Ohun tí ilé ọmọ lẹ́yìn ìlú Amẹ́ríkà fi hàn ni pé ọmọ lè fún òbí ní ọmú kó má sì lè fún un ní ẹgbẹ́. Ọmọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Ẹni tí ẹ jọ dáná ọdún, tí ẹ jọ mọ ẹni tó kú lọ́dún náà lọ́hùn-ún, òun ni ẹgbẹ́ ẹni, òun sì ni àgbà ń fi sílẹ̀ ní Iléṣà tó bá lọ bá ọmọ ní Lẹ́kì tàbí Houston. Ilé yìí kò gba òbí lọ́wọ́ ọmọ. Ó ń jẹ́ kí òbí dúró sí ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, kí ọmọ máa fi owó àti àwo ọbẹ̀ ránṣẹ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kún un. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ọdún 1977, àwọn ọlọ́pàá lé àwọn àgbà ará Filipíìnì àti Ṣáínà jáde kúrò ní International Hotel ní San Francisco. Yàrá tálákà ni, ṣùgbọ́n ilé yẹn àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ayé tí ọ̀pọ̀ wọn ní. Ọdún 2005 ni ilé tuntun fún àwọn àgbà tó dìde lórí ilẹ̀ náà. Ilé ṣeé tún kọ́, àwọn aládùúgbò tó ti fọ́n ká kò ṣeé kó jọ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan àwọn tí ẹ ó kọ́kọ́ gbà, ẹ yan ẹni méjì méjì tó ti mọra wọn tẹ́lẹ̀, láti àdúgbò kan náà, ìjọ kan náà tàbí ẹgbẹ́ ọjà kan náà. Ẹ má yan mẹ́fà tí kò rí ara wọn rí.

---

Alásè Òkèsà

Ẹ jẹ́ kí n gba ilé ìdáná, torí pé ibẹ̀ ni ìbárẹ́ ti ń dùn, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́.

Kọ́lékọ́lé, mo fara mọ́ ilé ìdáná kan fún gbogbo wọn, pẹ̀lú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Kí ojú ààrò gáàsì jẹ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí tábìlì iṣẹ́ wà láàárín wọn. Kí olúkúlùkù ní kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ tó ṣeé tì. Ìjà tó ń tú ilé àjọgbé ká kì í ṣe ìjà ẹ̀kọ́ ìsìn. Iyọ̀ ni, epo ni, gáàsì tó tán lójijì ni. Gáàsì kó wà lábẹ́ owó oṣooṣù tí gbogbo wọn ń dá, kí sílíńdà kejì wà ní kíkún nígbà gbogbo. Ìta ni sílíńdà yóò wà, kí páìpù gba ara ògiri wọlé.

Oúnjẹ ọ̀sán ni kẹ́ ẹ fi so ilé yìí mọ́ àdúgbò. Ní Scarborough, lápá Toronto, ilé ìtọ́jú Yee Hong tó ṣí ní ọdún 1994 wáyé torí pé àwọn àgbà Ṣáínà tó wà nílé àgbà àwọn òyìnbó kò gbọ́ èdè, oúnjẹ ibẹ̀ kò sì bá wọn lẹ́nu mu. Ẹ̀kọ ìrẹsì gbígbóná láàárọ̀ àti omi gbígbóná ni wọ́n mọ̀, wọ́n ń gbé búrẹ́dì tútù fún wọn. Àgbà tí oúnjẹ kò bá lẹ́nu mu kì í jókòó pẹ́ nídìí tábìlì, ibi tí kò bá sì pẹ́ sí, kò lè lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ní Iléṣà, iyán ni kẹ́ ẹ ronú sí. Kò ṣeé gún fún ẹnì kan, ó dùn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ jíjẹ ní gbígbóná. Nítorí náà gbogbo wọn á jókòó ní àkókò kan náà láìsí pé ẹnikẹ́ni lu aago. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ní aago kan ọ̀sán, kí àgbà mẹ́rin sí mẹ́fà láti àdúgbò wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Kí ẹni tó wá láti ìta san nǹkan kékeré: ẹni tó san ní ẹnu níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń fún lọ́fẹ̀ẹ́ á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń dà láàmú, ẹ wọn iyán tirẹ̀, kí ẹ̀fọ́ rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe mú un jókòó lọ́tọ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: olùtọ́jú tó ń ṣe gbogbo nǹkan fún wọn. Ẹ̀gúsí bíbó, ẹ̀wà ṣíṣà, ilá gígé, ẹ̀fọ́ jíjá, iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe tí ẹnu ń sọ̀rọ̀ ni. Tí olùtọ́jú bá gbà á lọ́wọ́ wọn torí kó lè yá, ó ti sọ onílé di àlejò.

Ẹ tún wo eré tí ẹ ó gbé síbẹ̀. Eré *mahjong* tí àwọn àgbà Ṣáínà ń ta, ènìyàn mẹ́rin ló sábà máa ń gbà. Bí ẹnì kan kò bá yọjú, eré kò lè bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́ta á sì lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tètè mọ̀ pé ara ẹnì kan kò yá. Ayò ọlọ́pọ́n tiwa, èèyàn méjì ni, ẹni kẹta kò ní ẹni tí yóò wá a. Ẹ gbé ọpọ́n ayò síbẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi lúdò ẹlẹ́ni mẹ́rin kún un.

---

Nọ́ọ̀sì Ìlàrè

Ohun tí Kọ́lékọ́lé ní kẹ́ ẹ béèrè: àgbà tó ń dín omi kù nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń kó àkóràn ojú ìtọ̀, orí rẹ̀ a máa fò lọ bó bá dìde, ó sì lè ṣubú. Nítorí náà, yàtọ̀ sí ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, kí póò onídèrí tó wà lórí àga tó dúró ṣinṣin wà nínú yàrá lóru fún ẹni tó bá nílò rẹ̀.

Mo fẹ́ kún un bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ilé náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Irinṣẹ́ kan wà tí James Lubben ṣe, tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ìbéèrè mẹ́fà péré. Mẹ́ta lórí ẹbí: mélòó nínú wọn lẹ ń rí tàbí lẹ ń gbúròó ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù? Mélòó lẹ lè bá sọ ọ̀rọ̀ àṣírí? Mélòó lẹ lè ké sí fún ìrànlọ́wọ́? Ẹ ó tún béèrè mẹ́ta yẹn lórí ọ̀rẹ́. Kò sí ẹnì kankan jẹ́ òdo, ẹnì kan jẹ́ 1, méjì jẹ́ 2, mẹ́ta sí mẹ́rin jẹ́ 3, márùn-ún sí mẹ́jọ jẹ́ 4, mẹ́sàn-án sókè jẹ́ 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30, ẹni tó bá sì gba ohun tó dín sí 12, ẹ kíyè sí i gan-an. Ẹ béèrè lọ́jọ́ tó wọlé, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ wo ti ẹbí àti ti ọ̀rẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí tí ó fi wúlò ni ohun tí Àkàwé sọ nípa ilé ọmọ: ti ẹbí lè ga kí ti ọ̀rẹ́ jẹ́ òdo.

Ẹ béèrè ní ẹ̀ka èdè tó mọ́ ọn lẹ́nu. Ìwádìí ńlá tí XinQi Dong darí ní Chicago láàárín ọdún 2011 sí 2013, tí àwọn àgbà Ṣáínà tó ju 3,000 lọ kópa nínú rẹ̀, èdè tí àgbà fúnra rẹ̀ bá yàn ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń sọ Ìjẹ̀ṣà, bí ọmọdé bá fi Yorùbá ilé ìwé bi í léèrè, á kàn dáhùn "ó dáa" sí gbogbo rẹ̀. Kí ọmọ rẹ̀ má sì jókòó tì í.

Ní ti àwọn mẹ́jọ tó ti di mẹ́fà: ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́. Ní San Francisco, ètò On Lok bẹ̀rẹ̀ ní 1971 ní àdúgbò Chinatown, oníṣègùn eyín kan tó ń jẹ́ William Gee àti Marie-Louise Ansak wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Orúkọ yẹn túmọ̀ sí ibùgbé àlàáfíà àti ayọ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kò lè kọ́ ilé fún gbogbo arúgbó, wọ́n wá ṣí ibi tí àgbà ń wá lọ́sàn-án fún ìtọ́jú, oúnjẹ àti ẹgbẹ́, tí mọ́tò ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀, tó sì ń padà sùn nílé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń lo irú ètò náà báyìí. Àwọn méjì tí ẹ ò rí yàrá fún, ẹ gbà wọ́n lọ́sàn-án. Kẹ̀kẹ́ Maruwa kan tí ẹ bá olówó rẹ̀ ṣàdéhùn lóṣooṣù ti tó. Kó jẹ́ awakọ̀ kan náà lójoojúmọ́, torí pé òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí ìyá kan kò bá jáde.

---

Ọmọ Ìsọkún

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kọ́lékọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, yàrá iwájú tí ẹ ní ká sọ di pálọ̀, ògiri rẹ̀ tó kọjú sí títì ni ìgbìmọ̀ á fẹ́ ṣí kó fẹ̀. Ṣé kò léwu lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Èwo ló yẹ kó ṣáájú nínú iṣẹ́ náà?

---

Kọ́lékọ́lé Lágere

Ó léwu bí ẹ bá ṣe é bó ṣe wù yín. Ẹ kọ́kọ́ yọ páákó díẹ̀ lókè láti wo bí igi àjà ṣe tò. Tí igi àjà bá gbé orí rẹ̀ lé ògiri iwájú, ògiri yẹn ló gbé òkè dúró. Ẹ má ṣí i rárá láìpe ẹnjiníà. Tí igi bá ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iwájú, ẹ ní ààyè díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ògiri náà ṣì ru ògiri òkè, ẹnjiníà ṣì gbọ́dọ̀ wò ó.

Iṣẹ́ yóò tò báyìí: ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìn àti sókáwè rẹ̀ ni kó ṣáájú, kí sókáwè jìnnà sí kànga, kó má sì sí lókè rẹ̀. Táǹkì omi lítà 2,000 ló tẹ̀ lé e: àgbà mẹ́fà, olùtọ́jú kan àti lítà 50 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lítà 350 nìyẹn. Ó lè gbé wọn fún ọjọ́ márùn-ún tí iná bá lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkè kó ní táǹkì tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilé ìdáná, fàráńdà. Pálọ̀ ló kẹ́yìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí pé amọ̀ tí ẹ bá gé nígbà òjò á máa fà omi kí ẹ tó rẹ́ ẹ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ kọ́kọ́ fi igi àti páákó gbé àjà dúró ní inú àti ní ìta. Ẹ gé apá kan ìbú ògiri náà láti inú, ẹ ki líntẹ̀lì sí i, ìyẹn kọnkéré onírin tó ń gbé ògiri orí àlàfo dúró; kó tó gan, ẹ má ṣe fọwọ́ kan apá ìta. Kí orí líntẹ̀lì wọ inú ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 30 lọ́tùn-ún àti lósì, kó sì jókòó lórí ìrọ̀rí kọnkéré. Ẹ má gbé e lé amọ̀ lásán. Ẹ máa rọmi sí kọnkéré fún ọjọ́ méje, díẹ̀díẹ̀, kó má ṣàn sí amọ̀. Bíríkìlà á sọ pé ọjọ́ mẹ́wàá ti tó láti yọ igi tó gbé àjà dúró. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ 28.